Hiace ń dún "gbà!" bí a bá fi jíà kejì: ṣé buwátì (àpótí jíà) ló ti kú ni?

Ìyá_Ọlọ́kọ̀_Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Toyota Hiace oní-dísẹ́lì ni, jíà ọwọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni agbára ń lọ. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kétu ló ń ná, èrò sì máa ń kún inú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe nìyí: bí awakọ̀ bá ti jíà kìíní bọ́ sí èkejì, tó tú ẹsẹ̀ lórí àǹbíréyáàjì (kílọ́ọ̀ṣì), a ó gbọ́ "gbà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lábẹ́ ọkọ̀. Lórí eré, bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí gáàsì tó tún tẹ̀ ẹ́ padà, "gbà!" mìíràn. Láàárín 70 sí 80 km/h, ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó láàárín. Jíà ń wọlé dáadáa, kì í bọ́, kì í ha. Buwátì kò jò. Mẹkáníìkì ní ó ti jẹ nínú, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Pátírọ́ọ̀n_Ouando
Ìyá wa, ẹ kú owó tí ẹ kò tíì ná o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Buwátì tó jẹ kì í dún "gbà" lẹ́ẹ̀kan kó sì dákẹ́. Eyín jíà tó jẹ máa ń ké "wọ̀ọ̀ọ̀" tàbí "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" ní gbogbo ìgbà tí jíà yẹn bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bọ́ sí jíà mìíràn, ohùn á yí padà. "Gbà!" ẹyọ kan, tó jẹ́ pé ìgbà tí agbára bá yí ojú padà ló ń dún, àyè ló ti ṣí sílẹ̀ níbì kan. Irin méjì tó yẹ kó fara mọ́ra ti jìnnà síra, ọ̀kan wá ń sáré lọ gbá èkejì kó tó fà á. Tí ẹ bá wá fi gbígbọ̀n ilẹ̀ ọkọ̀ kún un, ojú mi kò sí lára buwátì mọ́, ara ṣáàfù gígùn tó lọ sẹ́yìn ló wà.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Ẹ fi igi há ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fi kíríìkì (jáàkì) gbé ẹ̀yìn sókè, kí ẹ wá fi ṣáńdẹ́ẹ̀lì (irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró) méjì sábẹ́ pọ́ọ̀n (irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kíríìkì nìkan kò tó, ó lè sọ̀ nígbàkigbà. Búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé náà a máa fọ́ láìkìlọ̀. Ẹ́ńjìnì kú, jíà kò sí nínú ọ̀kankan, bíréèkì ọwọ́ wà nísàlẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ kan di ṣáàfù mú, ẹ fi èkejì di fúláńjì mú (àwo oníhò mẹ́rin tó so ṣáàfù mọ́ pọ́ọ̀n), kí ẹ yí wọn lódì síra bí ẹni ń fún aṣọ. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára kírọ́ọ̀sì (irin onírìísí àgbélébùú) tó wà láàárín wọn. Kuruwasíyọ́ọ̀n ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè é, irin kan náà ni. Bí fìlà rẹ̀ (ife irin kékeré tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan) bá mì nínú etí tó gbé e dání, bó ti wù kó kéré mọ, ó ti jẹ. 0.05 mm ni òpin lọ́dọ̀ Toyota, ìyẹn kò ju nínípọn irun orí kan lọ. Ohun tí ojú lè rí ti kọjá òpin náà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo kírọ́ọ̀sì tó wà lórí ṣáàfù náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di ṣáàfù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́árìn àárín (èyí tó gbé ṣáàfù dání lábẹ́ àárín ọkọ̀), ẹ gbé e sókè sódò. Rọ́bà tó yí bẹ́árìn ká yóò fà díẹ̀, ìyẹn kò burú. Bó bá ti ya, tí ṣáàfù ń fò lọ bá irin, ẹ ti rí ohun tó ń gbọ̀n láàárín ọkọ̀ nìyẹn.

Ẹ parí ẹ̀ sórí fúláńjì pọ́ọ̀n. Sókè-sódò kò gbọdọ̀ mì rárá. Yíyí sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ yẹ kó wà, nítorí pé eyín pínyọ́ọ̀n àti kuróònù (jíà kékeré àti jíà ńlá inú pọ́ọ̀n) kò lè fara mọ́ra láìsí àyè fún ọ́ìlì (0.13 sí 0.18 mm lórí ọ̀pọ̀ Toyota). Ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀n ni wọ́n ti jù nù nítorí yíyí kékeré yìí.

Kádáànì_Kétu
Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Pátírọ́ọ̀n. Wọ́n sábà máa ń sọ pé bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun pupa létí fìlà, ìpẹtà ni, kírọ́ọ̀sì ti gbẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà tiwa: ibi gbogbo lábẹ́ ọkọ̀ ló pupa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti dísẹ́lì díẹ̀ nù ún mọ́ tónítóní, kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan, kí ẹ tún wò ó. Eruku ọ̀nà máa bo gbogbo rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ìpẹtà ní tirẹ̀ máa ń tú jáde létí fìlà nìkan, ó kúnná bí ìyẹ̀fun ata, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú ju ti ilẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á wọ inú ìlà ọwọ́.

Awakọ̀_Pobè
Kí wọ́n da ọ́ìlì 140 sí buwátì àti pọ́ọ̀n, ariwo á sọ̀. Gbogbo wàhálà yìí kò pọn dandan.

Pátírọ́ọ̀n_Ouando
@Awakọ̀_Pobè, ariwo lè sọ̀ lóòótọ́, bí ẹni fi ìrọ̀rí bo ẹnu ọmọ tó ń ké. Àìsàn ọmọ ńkọ́? Ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé ọ̀dọ̀ bẹ́árìn inú lọ́hùn-ún, sínkúróò (òrùka idẹ tó ń mú eré jíà bára mu) kò ní ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí jíà tó wọlé, jíà á wá máa ha láàárọ̀. Ní ti "gbà!" inú kírọ́ọ̀sì, ọ́ìlì buwátì kò dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì pọ́ọ̀n sí buwátì. GL-5 (àmì irú ọ́ìlì jíà lára ìgò) ni pọ́ọ̀n ń fẹ́, nítorí bí pínyọ́ọ̀n ṣe ń yọ̀ lára kuróònù. Bí ìwé buwátì bá sọ pé GL-4, GL-4 náà ni kí ẹ lò: àwọn èròjà tó wà nínú ọ̀pọ̀ GL-5 lè máa jẹ idẹ sínkúróò díẹ̀díẹ̀. Ìgò lítà kan tí kò ní àkọlé lára, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè sọ èwo ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ_Djègan
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Corolla 2005 ni tèmi, ọ̀tọmátíìkì. Bí mo bá fa ọwọ́ jíà láti P (ìgbọ́kọ̀sílẹ̀) sí R (ìpadà sẹ́yìn) láàárọ̀, "gbì!", gbogbo ọkọ̀ á fò. Bó bá gbóná, á rọlẹ̀ díẹ̀. Ìkejì: bí mo bá yí sitẹ́ẹ̀rì dé òpin tí mo sì tẹ gáàsì, "kọ́-kọ́-kọ́-kọ́" lápá òsì. Ṣé ọ̀kan náà ni méjèèjì?

Kádáànì_Kétu
Àbúrò, àìsàn méjì ni. Èyí tó rọrùn ni kí a kọ́kọ́ mú.

"Kọ́-kọ́-kọ́" nígbà tí o bá yí sitẹ́ẹ̀rì dé òpin, orí kádáànì (ọ̀pá tó ń yí táyà) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni. Àwọn bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ ti gbẹ́ ihò sí ojú ọ̀nà wọn. Bí oríkèé náà bá ti tẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sínú ihò yẹn, ó sì ń ké. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o wo súfúlẹ́, rọ́bà oníwú tó bo oríkèé náà. Bó bá ti ya, wàá rí gírísì dúdú tó fọ́n ká inú irin táyà. Bí súfúlẹ́ bá ya ṣùgbọ́n tí kádáànì kò tíì ké, fọ oríkèé náà títí gírísì àtijọ́ á fi tán, kó gírísì dúdú oní-molybdenum tó bá súfúlẹ́ tuntun wá sínú rẹ̀ pátá, kí o de irin rẹ̀ dáadáa. Bó bá ti ń ké, gírísì kò lè dí ihò irin. Pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí o bá ń dá a padà, 216 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) ni nọ́ọ̀tì ńlá àárín ń gbà lórí Corolla irú tìrẹ, 103 Nm ni ti nọ́ọ̀tì táyà. Nọ́ọ̀tì àárín tí kò le tó náà máa ń dún "tá!" lẹ́ẹ̀kan bí ọkọ̀ bá ń gbéra, wọ́n á sì máa fi ẹ̀sùn kan kádáànì tuntun.

Orí kádáànì ti inú, lọ́dọ̀ buwátì, kì í dún bẹ́ẹ̀. Òun máa ń gbọ̀n ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì bí o bá tẹ gáàsì lórí òkè tí èrò pọ̀, bí o bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ ojú ilé rẹ̀.

Ní ti "gbì!" láti P sí R: wo aago eré ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, ó lè máa yí ju 1,200 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí o bá fa jíà sí i báyìí, ó gbọ́dọ̀ lù. Dúró kó sọ̀ sí ìtòsí 800 kí o tó fà á. Bó bá ṣì ń lù nígbà tó ti gbóná, lọ wo ìjókòó ẹ́ńjìnì, èyí tí a ń pè ní síláńbílọ́ọ̀kì. Ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan wà lórí ìjókòó awakọ̀, bíréèkì ọwọ́ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ le lórí bíréèkì, kó fa D (ìlọ síwájú), kó fa R. Ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ o, má dúró síwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì yóò tẹ̀ díẹ̀. Bó bá fò sókè tó sì padà lulẹ̀, ọ̀kan nínú ìjókòó rẹ̀ ti ya. Èyí tó ní omi nínú máa ń jò kó tó ya: wo ojú ọ̀nà omi dúdú lára rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kí o tó yẹ ọ́ìlì ọ̀tọmátíìkì wò: ọkọ̀ gbóná, ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, fa ọwọ́ jíà gba gbogbo ipò kọjá kí o padà sí P, kí o wá yọ ọ̀pá ìwọ̀n. T-IV ni irú ọ́ìlì tìrẹ. Má da WS, irú mìíràn, pọ̀ mọ́ ọn. Bí o bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, nǹkan bíi lítà 3 péré ló máa jáde, ìyókù wà nínú lọ́hùn-ún. Iye tó jáde ni kí o dá padà, kì í ṣe iye tí o rò.

Ọmọ_Djègan
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Súfúlẹ́ òsì ti ya yíká. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni gírísì ṣe wà lára irin táyà.

Ọ̀nà_Ṣábẹ
Ẹ kú ìjíròrò o. Ohun méjì wà tí ẹ kò tíì dárúkọ.

Ìkíní, bóòtù onírìísí U tó de pọ́ọ̀n mọ́ sípíríǹgì alámù (onírin pẹlẹbẹ tó jókòó léra) lẹ́yìn. Ọkọ̀ elérò tó ń gbé ẹrù pọ̀ máa ń tú wọn. Bí wọ́n bá tú, gbogbo pọ́ọ̀n á yí díẹ̀ nígbà tí agbára bá dé, á sì padà: "gbà!" kan náà tí kírọ́ọ̀sì ń dún, etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wo ibi tí lámù ti pàdé pọ́ọ̀n: bí irin bá ń dán yanran níbẹ̀ nígbà tí eruku bo gbogbo ìyókù, ó ń rìn nìyẹn. Ẹ wo rọ́bà etí lámù náà.

Ìkejì kò kan Hiace, ṣùgbọ́n ẹni tó ní Peugeot 504 tàbí 505 akérò lè kà á: inú páìpù ni ṣáàfù tiwọn wà, ẹ kò lè fún un bí aṣọ. Ìdí buwátì, níbi tí páìpù ti bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wo síláńbílọ́ọ̀kì tó gbé ìrù buwátì.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀_Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti gbé e sókè lónìí. Ohun tí wọ́n rí: bóòtù U mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le dáadáa. Fúláńjì pọ́ọ̀n kò mì sókè-sódò. Kírọ́ọ̀sì ẹ̀yìn dára. Kírọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé bẹ́árìn àárín ń mì, ó hàn sójú, ìyẹ̀fun sì ń bọ́ lára fìlà méjì. Rọ́bà bẹ́árìn àárín ti ya dé ìdajì. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì tí ọ́ìlì pọ́ọ̀n ń gbà jáde: ìyẹ̀fun eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára mágínẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹ̀rún irin. Mẹkáníìkì wá ní kí a fún nọ́ọ̀tì pínyọ́ọ̀n le díẹ̀ sí i níwọ̀n ìgbà tí a ti wà níbẹ̀.

Pátírọ́ọ̀n_Ouando
Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yẹn! Ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì pínyọ́ọ̀n, òrùka irin kan lè wà tí a ń fún títí yóò fi rún dé ìwọ̀n; ìwọ̀n yẹn ló ń ṣètò bí bẹ́árìn méjèèjì ṣe máa fara mọ́ra. Bí a bá fún un kọjá ìwọ̀n, òrùka kò ní padà sí bó ti wà, bẹ́árìn á máa gbóná, láìpẹ́ pọ́ọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í ké "wọ̀ọ̀ọ̀". Fúláńjì tí kò mì kò ní àìsàn. Ìyẹ̀fun eérú lára mágínẹ́ẹ̀tì náà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Iṣẹ́ yín ti wá di kírọ́ọ̀sì kan àti bẹ́árìn àárín kan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa ṣe é ka èyí:

Kó tó tú bóòtù kan ṣoṣo, kó fi ṣísẹ́lì lu àmì sára fúláńjì méjèèjì ní ìdojúkọ, kó lu òmíràn sí gbogbo ibi tí ṣáàfù ti pàdé ṣáàfù. Ọ̀dà máa ń bó bí a bá fi dísẹ́lì fọ̀ ọ́, àmì ṣísẹ́lì kì í bó. Etí kírọ́ọ̀sì iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣáàfù kan náà gbọ́dọ̀ kọjú sí apá kan náà. Bí eyín kan péré bá yẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n ju ti àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ohun èlò tuntun, ẹ ó sì padà máa wá buwátì tòkunbọ̀.

Bí ṣáàfù iwájú bá jẹ́ irú èyí tó ki bọ inú ìrù buwátì, ọ́ìlì á dà bó bá yọ ọ́. Kó ní ike àti okùn rọ́bà lọ́wọ́.

Lára kírọ́ọ̀sì, kó yọ òrùka sìkílíìpì (tó di fìlà mú) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Étóò (fáìsì lẹ́nu àwọn ará Nàìjíríà) ló yẹ kó fi ti fìlà jáde: dúúyì (sọ́kẹ́ẹ̀tì) kékeré tó lè wọ ihò lẹ́yìn fìlà kan, dúúyì ńlá tó lè gba fìlà lápá kejì. Òòlù ńlá lára etí irin ló ń tẹ etí náà, fìlà tuntun kò sì ní jókòó dáadáa mọ́. Kó gbé kírọ́ọ̀sì àtijọ́ lọ sí ọjà, kó fi àwọn méjèèjì kanra, fífẹ̀ fìlà àti gígùn rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n jọra lójú, wọn kò bára mu lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí: inú fìlà tuntun ni abẹ́rẹ́ tínínrín tò sí yíká. Bí ọ̀kan bá ṣubú sísàlẹ̀ fìlà nígbà tó ń tì í wọlé, òrùka sìkílíìpì kò ní wọ ojú ilé rẹ̀. Àwọn kan á wá gbé òòlù. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀: kó yọ fìlà, kó tò abẹ́rẹ́ padà pẹ̀lú gírísì tó ki, kó tún un tì. Bí òrùka bá wọlé tán, kó fi òòlù kékeré kan etí irin jẹ́jẹ́ kí fìlà lè sún jáde dé ara òrùka. Ọwọ́ nìkan gbọ́dọ̀ lè yí kírọ́ọ̀sì náà sí gbogbo apá láìhá níbì kan.

Bó bá ní ẹnu gírísì, gírísì lithium NLGI 2 (ìwọ̀n kíki rẹ̀) ni, títí yóò fi tú jáde létí fìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí mẹ́ta bá tú tí ọ̀kan kò tú, kò tíì dé ibẹ̀. Ibi tí ṣáàfù ti ń gùn tó ń kúrú, bó bá ní ẹnu gírísì tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni kó fún. Bí gírísì bá kún ibẹ̀, ṣáàfù kò ní lè kúrú mọ́ nígbà tí lámù bá wọlẹ̀, á sì máa ti bẹ́árìn buwátì.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀_Àjàṣẹ́
Bẹ́árìn àárín ńkọ́? Ṣé a lè fi rọ́bà táyà àtijọ́ gé e sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe?

Kádáànì_Kétu
Rárá, Ìyá wa. Rọ́bà táyà le ju tirẹ̀ lọ, kì í fà, gbogbo gbígbọ̀n ṣáàfù á wá bọ́ sára férémù, bẹ́árìn á sì wọ́ lọ sápá kan. Odindi ni kí ẹ rà, pẹ̀lú irin tó gbé e. Nọ́ọ̀tì tó de fúláńjì mọ́ iwájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń lù bọ inú ihò kó má baà tú; nọ́ọ̀tì tuntun ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì lù ú bọ ihò padà. Bóòtù méjì tó so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n má fún wọn le títí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí èrò nínú rẹ̀. Kí wọ́n wá tún un tò kó dúró ní 90° sí ṣáàfù, kí wọ́n tó fún un.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀_Àjàṣẹ́
Wọ́n ti parí ẹ̀. Àmì ṣísẹ́lì bára mu. "Gbà!" ti lọ, gbígbọ̀n ti lọ. Ó ku "tík" kékeré kan bí awakọ̀ bá fi jíà kìíní gbéra lójijì, mo ní láti pa rédíò kí n tó gbọ́ ọ.

Pátírọ́ọ̀n_Ouando
Ẹ fi "tík" yẹn sílẹ̀, àyè ọ́ìlì inú pọ́ọ̀n àti buwátì ni, ọkọ̀ tuntun náà ní díẹ̀. Tó bá tó 500 km, ẹ jẹ́ kó tún fi sípánà kan gbogbo bóòtù fúláńjì: kó kàn dán wọn wò ni, kò nílò láti fi gbogbo agbára fún wọn. Kó sì fún kírọ́ọ̀sì ní gírísì nígbàkigbà tí ẹ bá ń ṣe fidáńjì (pípààrọ̀ ọ́ìlì) ẹ́ńjìnì.